Yàrá Márùn-ún Tí Àgádágodo Ń Gbé

Láti kékeré ni mo ti ń bẹ̀rù kakí. Nígbà náà, bí wolé-wolé bá yọ lókèèrè nínú kakí wọn, àwọn obìnrin á ké sí ara wọn láti ilé dé ilé, oníkálùkù á sì máa da omi ìkòkò nù kí wọ́n má baà bá tanwíjí níbẹ̀. Èmi kò ní ìkòkò, n kò sì ní tanwíjí, síbẹ̀ abẹ́ ibùsùn ìyá mi ni mo máa ń sá sí, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì fi máa ń wọ́ mi jáde bí àwọn wolé-wolé bá ti lọ tán. Mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún báyìí. Abẹ́ ibùsùn kò gbà mí mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù náà kò tíì kó kúrò lára mi. Ẹ má ṣe kà mí sí akọni nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí o. Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ilé tí bàbá wa fi sílẹ̀ wà lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Ìjàyè, ní ìlú kékeré kan tí àwọn ọkọ̀ tó kó iṣu àti ẹ̀gẹ́ máa ń dúró sí láti fẹ́ táyà. Yàrá mẹ́tàlá ló ní, mẹ́fà lọ́wọ́ ọ̀tún, méje lọ́wọ́ òsì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn láàrin. Ẹrẹ̀ ni ògiri rẹ̀, wọ́n kàn fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ lójú ni. Lẹ́yìn ìsìnkú bàbá wa, àwọn àgbà ẹbí pín àwọn yàrá náà fún àwa ọmọ. Márùn-ún nínú wa tí wọ́n ń gbé Ìbàdàn àti Èkó gba tiwọn, wọ́n fi àgádágodo ńlá sí i lẹ́nu, wọ́n mú kọ́kọ́rọ́ lọ. Ó ti pé ọdún mọ́kànlá. Wọn kì í wá sùn níbẹ̀. Bí wọ́n bá wá síbi òkú tàbí ìgbéyàwó, wọ́n á rìn wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á fọwọ́ kan àgádágodo wò bóyá ó ṣì wà, wọ́n á sì padà sínú mọ́tò wọn. Nílé wa, kò sí ẹni tó gbọdọ̀ ṣí yàrá ọmọ bàbá rẹ̀. Ẹni tó bá dán an wò ti pe ìpàdé ẹbí lé ara rẹ̀ lórí nìyẹn, ìpàdé ẹbí tiwa sì burú ju ilé ẹjọ́ lọ, torí kò sí lọ́yà níbẹ̀.

Báyìí ni àgádágodo márùn-ún ṣe ń gbé yàrá márùn-ún, tí àwa ènìyàn sì fún ara wa mọ́ mẹ́jọ tó kù: èmi, àwọn ọmọ ìyá àti ọmọ bàbá tí wọn kò lọ síbì kankan, ìyàwó wọn, ọmọ wọn, pẹ̀lú àwọn ayálégbé. Ọ̀kan nínú àwọn ayálégbé náà jẹ́ aránṣọ, opó ni, òun àti ọmọ márùn-ún nínú yàrá kan, tòun ti máṣìnnì rẹ̀. Bí àwọn ọmọ náà bá sùn, orí ọ̀kan ló máa ń wà níbi ẹsẹ̀ èkejì, ẹni tó bá fẹ́ yí ara padà á kọ́kọ́ jí àwọn yòókù. Yàrá ẹ̀gbọ́n mi àgbà ló kọjú sí ilẹ̀kùn rẹ̀ gan-an, òun ló tóbi jù nínú ilé, eku nìkan ló sì ń sùn nínú rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mo ń kọjá láàrin ilẹ̀kùn méjèèjì, n kò sì sọ nǹkan kan. Lẹ́yìn kakí, ẹ̀gbọ́n mi ni mo tún ń bẹ̀rù.

Orí nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn elétò ìlera wá, wọ́n ń béèrè iye ènìyàn tó ń sùn ní yàrá kọ̀ọ̀kan, nẹ́ẹ̀tì kan fún ènìyàn méjì. Èmi tí mo ka ìwé mẹ́fà, tí mo sì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun, mo sọ òtítọ́, mo ní èmi nìkan ni. Wọ́n ní àwọn kò ní ìdajì nẹ́ẹ̀tì. Ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa purọ́, wọ́n gba nẹ́ẹ̀tì débi pé wọ́n fi ṣe ọgbà yí ẹ̀fọ́ ká. Ìyá Àgbà, àbúrò bàbá mi obìnrin, tí wọ́n ń bá wa gbé, tí wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún, tí wọ́n sì ń ta àgbàdo gbígbẹ lẹ́nu ọ̀nà wa, fi mí ṣe ẹlẹ́yà fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Bí ẹ̀fọn bá ti kùn, wọ́n á ní kí wọ́n lọ pe olóòótọ́ ilé wa kó wá bá a sọ̀rọ̀.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí ọkùnrin méjì tún dé pẹ̀lú fọ́ọ̀mù, tí wọ́n ní kánsù ló rán àwọn wá mọ iye àwọn tó ń gbé inú ilé, n kò dúró béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ohun tó wà lọ́kàn gbogbo wa ni pé wọ́n tún fẹ́ pín nǹkan. Ìrẹsì ni ọ̀pọ̀ rò. Mo ní àwa mẹ́fà là ń sùn ní yàrá mi. Aránṣọ ní àwọn méjìlá ni. Ọmọ bàbá mi kékeré tó ń gun ọ̀kadà, tí òun àti ìyàwó rẹ̀ kò tíì bí ọmọ kankan, pe mẹ́sàn-án, ó sì fún oníkálùkù wọn ní ọjọ́ orí. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà yọjú sí yàrá mi, ó rí ibùsùn kan ṣoṣo, ó bi mí pé níbo ni àwọn márùn-ún yòókù ń sùn. Mo ní lórí ilẹ̀. Ó mi orí tàánútàánú, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Inú mi dùn pé ó gbà mí gbọ́. Ìyá Àgbà nìkan ni kò pe iye kankan. Wọ́n ní wọn kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn pé àwọn ka ènìyàn. Nígbà tí àwọn ọkùnrin náà ro gbogbo irọ́ wa pọ̀, ó jẹ́ méjìdínlọ́gọ́ta.

Ìrẹsì kò dé. Ọ̀dà pupa ló dé. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n fi fa ìlà méjì tó dábùú ara wọn sára ògiri iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé mi, wọ́n sì lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn. Èmi ni wọ́n ní kí n kà á. Ìwé náà ní ilé wa kún àkúnjù, kò sì yẹ fún gbígbé. Ó ní ènìyàn méjìdínlọ́gọ́ta ń lo ṣáláńgá kan tó ti kún dé ẹnu, pé a fi pákó kan ọ̀pọ̀ fèrèsé pa, pé ògiri ẹ̀yìn ti sán. Kí gbogbo wa kó jáde láàrin ọjọ́ mọ́kànlélógún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á ti ilé náà pa. Ẹnìkan kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín nígbà tí mo pe méjìdínlọ́gọ́ta. Aránṣọ béèrè bóyá ìwé náà sọ ibi tí ká kó lọ. Mo ṣí etí rẹ̀ kan, mo yọjú wo ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Kí n má tan yín, ìwé náà kò parọ́ mọ́ ṣáláńgá wa. Kò parọ́ mọ́ ògiri. Ọdọọdún là ń sọ pé a ó tún un ṣe. Iye ènìyàn nìkan ni irọ́ inú rẹ̀, àwa la sì pa á.

Wọ́n ní èmi tí mo mọ̀wé ni kí n lọ bá kánsù sọ̀rọ̀. Mo lọ. Lọ́jọ́ kìíní, mo dé géètì, mo rí ẹni tó wọ kakí, mo yà sọ́wọ́ òsì bí ẹni tí kò mọ ibẹ̀, mo ra ẹ̀pà, mo padà sílé. Lọ́jọ́ kejì, mo wọ géètì, mo bá kakí méjì pàdé, mo béèrè lọ́wọ́ wọn ibi tí wọ́n ti ń gba ìwé ìbí ọmọ, bí ẹni pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, mo sì tún ra ẹ̀pà bọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, Ìyá Àgbà rí ẹ̀pà lọ́wọ́ mi kí n tó la ẹnu.

Wọ́n ní, "Ṣé ẹ̀pà ni kánsù ń pín ni?"

Wọ́n wé gèlè, wọ́n sì ní ká lọ.

Obìnrin ni olórí àwọn wolé-wolé kánsù, kò ju ẹgbẹ́ ọmọ mi lọ, kakí rẹ̀ sì gan bíi pákó. Ó kúnlẹ̀ kí Ìyá Àgbà, ó gbé àga fún wọn. Èmi dúró. Mo ro gbogbo rẹ̀ láìmí: nẹ́ẹ̀tì, ìrẹsì, ènìyàn márùn-ún tí wọn kò fi ìgbà kankan sùn lórí ilẹ̀ yàrá mi. Mo ń retí kó pe ọlọ́pàá. Ó kàn fi ọwọ́ bo ojú fún ìgbà díẹ̀, ó ní tiwa ṣì sàn, pé ilé kan wà tí wọ́n ka ewúrẹ́ mọ́ ọn. Ó ní òun á wá fúnra òun ní Sátidé ìmọ́tótó, torí kò sí ẹni tó gbọdọ̀ rìn lójú pópó ní àárọ̀ ọjọ́ náà, gbogbo ilé á wà nílé. Ni mo bá ń dúpẹ́, mo ti ń fi ẹ̀yìn rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà, nígbà tó tún gbé fọ́ọ̀mù náà wò.

Ó ní, "Bàbá, yàrá mẹ́tàlá ni wọ́n kọ síbí. Mẹ́jọ ni wọ́n kọ ènìyàn sí. Ta ló ń gbé márùn-ún yòókù?"

Ìyá Àgbà ló dáhùn. Wọ́n ní, "Àgádágodo."

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò pẹ́. Ó ní, "Ìyá, yàrá tí afẹ́fẹ́ kì í wọ̀, tí ènìyàn kì í wọ̀, ògiri ni lójú tèmi. Bí mo bá dé tí ẹ ti ṣí i, màá kọ mẹ́tàlá. Bí ẹ kò bá ṣí i, mẹ́jọ ni màá kọ, ilé yín á sì kún ju bó ṣe yẹ lọ, ì báà jẹ́ òtítọ́ lẹ bá mi sọ. Màá tì í."

Nígbà tí a délé, mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù. Mo ti kọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ sórí bí ọmọ iléèwé. Wọ́n gbọ́ mi dé òpin, wọ́n ní ṣé mo ti parí. Wọ́n ní kò sí ẹni tó gbọdọ̀ fọwọ́ kan ilẹ̀kùn àwọn. Bí ìjọba bá fẹ́ ti ilé náà, kí wọ́n tì í, ilé ẹrẹ̀ ni, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ló ṣe pàtàkì, bí gbogbo ènìyàn bá ti kúrò níbẹ̀, ẹbí á lè jókòó pín ilẹ̀ náà. Mo béèrè pé àwa tí à ń gbé ibẹ̀ ńkọ́.

Wọ́n ní, "Ìwọ náà, wá ibì kan."

Mo ní ẹ ṣé, sà. Bí ẹnu mi ṣe rí nìyẹn, bí inú mi bá ń ru ni ẹnu mi máa ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n mo jókòó sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí ọbẹ̀ mi fi jóná. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń gbá iwájú ilẹ̀kùn yẹn. Bí òjò bá fẹ́ ṣí páànù tó wà lórí yàrá yẹn, èmi ni mo ń gun orí ilé lọ gbé òkúta lé e, kí ibùsùn wọn má baà tutù. Wá ibì kan. Mo wo àgádágodo náà dáadáa, ìgbà yẹn ni mo tó rí i pé ó ti dípẹtà.

Lọ́jọ́ kejì mo yá ayùn irin lọ́wọ́ wẹ́dà tó ń jó irin níwájú mọ́ṣáláṣí. Mo sọ fún un pé mo fẹ́ fi gé ẹsẹ̀ àga. Odindi ọjọ́ méjì ni mo fi gbé e sábẹ́ bùbá mi kiri, n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i, títí kan èmi fúnra mi. Eyín rẹ̀ họ mí níkùn.

Sátidé pé. Àwọn kan ń ro ẹ̀gbẹ́ gọ́tà, àwọn kan ń gbálẹ̀, wolé-wolé náà sì dé pẹ̀lú ọmọọ̀ṣẹ́ méjì. Ó ní kí gbogbo wa tò síta kóun lè kà wá. Ìyá Àgbà dìde lórí àpótí wọn. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, mo mọ̀ pé iṣẹ́ ló rán ẹ. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó máa na ìka sí àwọn ènìyàn mi kó máa kà wọ́n bí ẹran ọjà." Obìnrin náà fi sùúrù béèrè bí òun ṣe máa wá mọ iye wa. Ìyá Àgbà gbé igbá òfìfo kan kalẹ̀, wọ́n tú ẹnu àpò àgbàdo wọn. Kí oníkálùkù jáde láti ẹnu ilẹ̀kùn ibi tó ń sùn gan-an, kó mú hóró kan, kó jù ú sínú igbá. Bó bá wu kánsù, kí wọ́n máa ka àgbàdo títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ó gbà. A bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Nígbà tí ọlọ́kadà ju hóró tirẹ̀, ẹnìkan bi í léèrè àwọn méje yòókù, pé ṣé wọ́n ṣì ń wọṣọ ni. Ìyàwó rẹ̀ ti lóyún nígbà náà, ó béèrè bóyá kóun ju méjì. Ìyá Àgbà ní kó ju ọ̀kan, kó máa bá tirẹ̀ lọ. Aránṣọ àti àwọn ọmọ rẹ̀ ju mẹ́fà, wọ́n jáde láti ilẹ̀kùn kan ṣoṣo, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó tán. Obìnrin kakí náà ka igbá náà lẹ́ẹ̀mejì. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ó rí hóró kan tí kòkòrò ti jẹ tán, ó béèrè pé ta ló ju èyí. Gbogbo wọn wò mí.

Obìnrin náà wá rìn wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dúró níwájú yàrá ẹ̀gbọ́n mi, ó wo àgádágodo. Aránṣọ di ilẹ̀kùn tirẹ̀ mú bí ẹni tó fẹ́ tì í. Ọwọ́ mi wọ abẹ́ bùbá, ó fa ayùn náà jáde. Mo ní ọwọ́ mi ló ṣe é, torí n kò rántí pé mo rán an.

Mo kọ́kọ́ pe ẹ̀gbọ́n mi, kí wọ́n má baà sọ pé ẹ̀yìn àwọn ni mo ti ṣe é. Mo ṣí ohùn fóònù síta.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Èmi ni. Mo fẹ́ gé àgádágodo yín."

"O fẹ́ ṣe kí ni?"

"Ẹ máa gbọ́ ọ."

Mo gbé fóònù sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Láti ìsàlẹ̀ ni ohùn wọn ti ń bọ̀, wọ́n ń pe ìpàdé ẹbí, wọ́n ń pe ọlọ́pàá, wọ́n ń pe orúkọ bàbá wa. Ayùn ń yọ̀ lọ́wọ́ mi nítorí òógùn. Ọmọọ̀ṣẹ́ kan nínú àwọn méjèèjì náwọ́ pé kí n jẹ́ kóun bá mi gé e. Mo ní rárá. Bí kakí bá ṣí i, ìjọba ló ṣí i. Ọmọ ilé ni mo fẹ́ kó ṣí i. Gígé náà gbà mí lákòókò. Irin ojú ayùn kan kán, mo fi èkejì sí i. Nígbà tí àgádágodo náà já, ó bọ́ lu fóònù, ohùn ẹ̀gbọ́n mi sì gé.

Ibùsùn onírin kan wà nínú yàrá náà, kẹ̀kẹ́ tí kò ní táyà, àti ilé ikán tó ti gun ògiri dé àjà. Láti inú ni wọ́n ti kan fèrèsé pa. Aránṣọ kọjá lára mi, ó fi ẹ̀yìn òòlù yọ ìṣó náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ti fèrèsé síta, oòrùn sì wọlé bá erukú. Ó dúró láàrin yàrá, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì gbọọrọ, ọwọ́ rẹ̀ kò kan ògiri.

Mo pe àwọn mẹ́rin yòókù lórí fóònù ọlọ́kadà. Àwọn méjì ní kí n gé e. Ọ̀kan sunkún díẹ̀, ó ní kí n tọ́jú àpótí òun. Ẹni kẹrin kò gbé e, Ìyá Àgbà sì ní kí n máa gé e lọ, pé àwọn ni àwọn wẹ̀ ẹ́ nígbà tí wọ́n bí i, àwọn mọ ohun tí àwọn á sọ fún un.

Obìnrin náà kọ mẹ́tàlá. Ṣùgbọ́n kò fa ìwé tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ya. Ó ní ká gbẹ́ ṣáláńgá tuntun, ká tún ògiri ẹ̀yìn mọ, ká ṣí gbogbo fèrèsé, kí ọjọ́ tó pé, pé òun kò tíì yọ ilé wa kúrò nínú ìwé. Ohùn kan ní, "Ẹ máa kọ ọ́, màdáámù. Àwa náà kò ní yọ ara wa kúrò nínú ilé." N kò mọ̀ pé èmi ni títí wọ́n fi bú sẹ́rìn-ín.

A gbẹ́ ṣáláńgá náà fúnra wa. Ọlọ́kadà ló wọ inú rẹ̀ jìn jù, torí a ní kó gbẹ́ ti ènìyàn méje mọ́ tirẹ̀. A po ẹrẹ̀, a mọ ògiri. Wolé-wolé náà padà wá, ó wo ihò náà, ó fọwọ́ ti ògiri wò, ó sì já ìwé kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó ní ká wá ọ̀dà funfun kun àmì pupa náà. Mo kọ̀ ọ́. Abẹ́ rẹ̀ ni mo máa ń gbé àga mi sí ní ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá ń kọjá kó rí i pé wọ́n sàmì sí wa, kó sì rí mi níbẹ̀.

Wọ́n ṣe ìpàdé ẹbí, wọ́n sọ̀rọ̀ sí mi dáadáa. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi wá fúnra wọn, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan. Wọ́n rìn wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, wọ́n na ọwọ́ láti kan àgádágodo. Aṣọ ìkélé ni ọwọ́ wọn bá. Máṣìnnì aránṣọ ń sáré lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n béèrè pé ta ló gba ẹni yìí láyè. Mo dìde, mo di ẹ̀yìn àga mú, mo ní, "Èmi ni, sà." N kò dúpẹ́ lọ́jọ́ yẹn.

Ìyá Àgbà ti ń gbé igbá bọ̀. Àgbàdo inú rẹ̀ ti lé ọ̀kan, torí ìyàwó ọlọ́kadà ti bímọ. Wọ́n mú hóró kan, wọ́n fi sí ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́.

Wọ́n ní, "Bí o bá wá láti máa gbé níbí, jù ú sínú igbá, a ó wá ibi tí o máa sùn sí fún ẹ."

Ẹ̀gbọ́n mi wo hóró náà. Wọ́n wo igbá. Wọ́n wò mí, mo sì wo àwọn náà, ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi. Wọ́n pa ọwọ́ dé lórí àgbàdo náà, wọ́n gbé e padà sínú mọ́tò. Aránṣọ kò dá máṣìnnì rẹ̀ dúró.